A Kì í Fẹ́ Àbẹ́là Pa

Iṣẹ́ tí mo ṣe láyé kò ṣòro láti dárúkọ: mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtọ́jú ilé ní Kútọ̀nú fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo kọ́ wọn bí a ti ń fọ aṣọ funfun, bí a ti ń tọ́jú omi mímu, bí a ti ń rán aṣọ tó ya. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń rántí mi ni ẹ̀kọ́ àbẹ́là: bí a ti ń tàn án, bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, bí a ti ń pa á. Àwọn ẹlòmíràn a máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ṣé àbẹ́là náà tún ní ẹ̀kọ́ ni, ṣebí kí á ṣáná sí i ni. Mo máa ń fún wọn láyè kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, nítorí mo mọ ohun tí àbẹ́là lè ṣe. Gbólóhùn kan tó ti ẹnu èmi fúnra mi jáde ló jó ọwọ́ ọmọ kan, fún ọ̀pọ̀ oṣù n kò sì mọ̀ bóyá mo ṣì yẹ ní ẹni tí a ń fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, tí ojú yín sì wà lára iṣẹ́ olùkọ́, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó bí ó ti yẹ. Ìdí la ti ń gun igi.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Tàǹtí Rọ́sà, àbúrò ìyá bàbá mi. Àgùdà ni wá, ọmọ àwọn tó ti òkè òkun padà wá sí etíkun yìí. Tàǹtí ló ń ṣe àbẹ́là fún ilé ìsìn tó wà ládùúgbò wa. Àwọn àgbà wa ló gbé ọ̀rọ̀ náà, àbẹ́là, bọ̀ láti ìlú Àgùdà, ó sì máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ń pè é ní bùjí bí àwọn Faransé ti ń pè é. Tàǹtí kì í gbà. Ó ní inú alùpùpù ni bùjí ń gbé. Òtítọ́ ni: ohun tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì alùpùpù, bùjí náà ni wọ́n ń pè é. Mo rò pé ó kàn ń ṣagídí ni, títí di ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, tí mo rán akẹ́kọ̀ọ́ kan pé kó lọ ra bùjí méjì wá ní ìkóríta. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Ó gbé bébà kan tó kún fún òróró dúdú lé mi lọ́wọ́, bùjí alùpùpù méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó ní mẹkáníìkì àwọn zémíjàn, àwọn ọlọ́kadà ìlú wa, ní bí kò bá ṣáná, kí Màdáàmù gbé alùpùpù náà wá. Láti ọjọ́ náà, àbẹ́là ni mo ń pè é.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ bá Tàǹtí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni n kò fọwọ́ kan ìda. Òwú tó ń wà láàárín àbẹ́là ni mo ń lọ́. Tàǹtí máa ń di ojú, á fa òwú tí mo lọ́ gba àárín ìka rẹ̀ méjì, bí ó bá kan ibi tó wú, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wá dé ìdí ìda, ó kọ́ mi pé inú ìkòkò tó wà nínú omi gbígbóná ni a ti ń yọ́ ọ, pé a kì í jẹ́ kí ìda rí ojú iná. Ìda oyin tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà Ṣábẹ̀ ni à ń lò nígbà náà, inú ọparun tí a là sí méjì, tí a sì so pọ̀, ni à ń dà á sí. Bí ó bá gbẹ, a ó tú okùn, a ó ṣí ọparun, àbẹ́là á jáde, á máa dán. Lẹ́ẹ̀kan, mo ṣí i kí ó tó gbẹ, ó tẹ̀. Tàǹtí kò nà mí. Ó gbé àbẹ́là títẹ̀ náà ka orí tábìlì oúnjẹ, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo àlejò tó bá sì wọlé, á ní kí n ṣàlàyé fún un bí ó ti ṣe tẹ̀. Ìbá sàn kó nà mí.

Gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a kì í". A kì í tan àbẹ́là láìgé òwú rẹ̀ kù bí ìbú èékánná. A kì í gbé e sí ibi tí aṣọ fèrèsé lè fẹ́ dé. A kì í tò ó sóòró níbi tó móoru, ńṣe là ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó má bàa wọ́. A kì í fi í sílẹ̀ lọ. A kì í fẹ́ àbẹ́là pa. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé bí a ti ń sọ èèwọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ etí, kì í sì í jáde bọ̀rọ̀. Mo bi Tàǹtí léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a kì í fi í fẹ́ àbẹ́là pa. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé o ti lọ́ òwú tán ni?"

Mo fi ojú ara mi rí ìdí rẹ̀ nígbà tó yá. Bí a bá fi ẹnu fẹ́ ẹ, ìda gbígbóná á ta sára aṣọ tàbí sójú ẹni, èéfín á sì gba inú yàrá. Fìlà kékeré kan tí wọ́n fi páànù ṣe, tó ní ọwọ́ gígùn, ni Tàǹtí fi ń bo iná náà títí yóò fi kú. Ìyẹn ni pé, pípa là ń pa á, fífẹ́ ni a kì í fẹ́ ẹ. Èmi mọ ìyàtọ̀ náà. N kò ronú rí pé ẹlòmíràn lè má mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé ń wá olùkọ́, mo ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Mo dúpẹ́.

Faransé ni èdè ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ ọwọ́, Yorùbá àti Fọ̀n ni mo ń sọ, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ ìdajì. Ní ìlú tí iná mànàmáná lè lọ nígbàkigbà, ilé wo ni kò ní àbẹ́là? Mo kọ́ wọn pé kí wọ́n gbé e sínú agolo tòmátì tí a bu iyanrìn sí, dípò kí wọ́n kán ìda sórí tábìlì kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo kọ́ wọn pé ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tan àbẹ́là tó fẹ̀, kí á jẹ́ kí ojú rẹ̀ yọ́ dé etí, nítorí bí ó bá tètè kú, ihò ni yóò máa gbẹ́ lọ sísàlẹ̀ bí okété, ìda ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì ṣòfò. Bí Tàǹtí ti ń sọ ọ́ gan-an ni èmi náà ń sọ ọ́, a kì í, a kì í, débi pé àwọn ọmọ sọ mí ní Màdáàmù A-kì-í. Bí mo bá ń bọ̀ lókèèrè, ẹnìkan á ní, "A kì í pariwo, ó ti ń bọ̀." Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ká má purọ́, ó ń dùn mọ́ mi.

Jùsítínà wà ní ọdún kejì nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dán nídìí abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Misẹ̀bó. Bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn ní ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ sì tan àbẹ́là kan fún un nínú yàrá, níwájú àgbélébùú. Ó gbàdúrà, ó gbé oúnjẹ, ó lọ bá ọkọ rẹ̀. Nínú ìkánjú, kò sọ ohunkóhun nípa àbẹ́là náà.

Ọ̀sán gangan ni. Jùsítínà fẹ́ gbé àgbàdo lọ sí ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń sùn lórí ẹní. Jùsítínà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun dúró níwájú àbẹ́là yẹn, òun ti tẹ̀ síwájú láti pa á, kí òun tó rántí mi. Ọ̀rọ̀ mi dún létí rẹ̀: a kì í fẹ́ àbẹ́là pa. Àwọn kan nínú ìlú wa sì gbàgbọ́ pé àbẹ́là tí a bá tàn fún ẹ̀bẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jó tán. Wọ́n ní ẹni tó bá pa á, ó pa ẹ̀bẹ̀ náà. Jùsítínà so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Bàbá rẹ̀ wà lórí ibùsùn. Ta ni yóò fi ẹ̀mí bàbá rẹ̀ dán èèwọ̀ wò? Ó mọ̀ pé mo ti ní a kì í fi í sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibi ẹ̀rọ kò jìnnà: ó fi àbẹ́là náà sílẹ̀, ó gbé àgbàdo rẹ̀, ó lọ.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà gbé aṣọ fèrèsé dé orí iná àbẹ́là. Nígbà tí yóò fi padà, èéfín ti ń jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó gbé àbúrò rẹ̀ jáde. Ọmọ kékeré náà kò fara pa, ṣùgbọ́n aṣọ tó ń jó já lé Jùsítínà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn ará ilé fi omi àti iyanrìn pa iná náà. Yàrá kan ló jó.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ wá sí kíláàsì mi. Mo ti gbọ́ nípa iná náà, n kò tíì gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo kí i, mo fún un ní àga, kò jókòó. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo kọ́ ọmọ òun pé èèwọ̀ ni láti pa àbẹ́là. Mo ní rárá o, n kò dárúkọ èèwọ̀ rí. Mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín fífẹ́ àti pípa, bí olùkọ́ ti ń ṣàlàyé. Mo tilẹ̀ mú fìlà páànù jáde, mo fi hàn án. Mo wá sọ ohun tí n kò ní gbàgbé pé mo sọ.

"Ìyá Jùsítínà, ọmọ ló ṣì mí gbọ́."

Obìnrin náà wo fìlà yẹn, ó wò mí. Kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀, Màdáàmù. Ọwọ́ tirẹ̀ ló jó."

Ó yí padà, ó lọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti kọ òwe náà sójú pátákó fún ọmọ púpọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹyin lè fọ́ sílé ẹlòmíràn kí ẹni tó jù ú má gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa gbà mí nímọ̀ràn pé kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. Ó ní bí olùkọ́ bá ń jẹ́wọ́ níwájú ọmọ, wọn ò ní ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mọ́. Ó fẹ́ràn mi ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní kí ẹni tó bá gbà pé èèwọ̀ ni láti pa àbẹ́là nawọ́ sókè. Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Ẹnìkan nawọ́, lẹ́yìn náà ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè níhìn-ín lọ́hùn-ún, títí ó fi ju ìdajì wọn lọ. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni, mo ti ń fi èèwọ̀ ránṣẹ́ sílé àwọn ènìyàn láìmọ̀. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, kì í ṣe Jùsítínà. Mo ní kí wọ́n fa igi lé gbólóhùn náà nínú ìwé wọn, kí wọ́n kọ òmíràn: Bí o bá fẹ́ kúrò nínú yàrá, fi fìlà bo àbẹ́là. Ọlọ́run ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Mo ti kọ́kọ́ lọ bi fadá ìjọ wa léèrè nípa gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì gbọ́ ibi tí Ọlọ́run ti ń fi àbẹ́là wo aago.

Lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń gun zémíjàn lọ sílé wọn. Ìyá Jùsítínà á ṣílẹ̀kùn, á dá mi lóhùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń kọ́ ọmọ náà ní ohun tí a kọ́ lójúmọ́ náà. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Dókítà ti sọ pé ojú egbò yóò san, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá àwọn ìka á nà. Jùsítínà kì í sọ nípa ìyẹn. Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀, lọ́jọ́ kan ló sì bi mí lójijì.

"Màdáàmù, ká ní mo pa á, ṣé bàbá mi ì bá ti kú?"

Bàbá rẹ̀ ti kúrò ní ilé ìwòsàn nígbà náà, ẹ̀yìn ilé ló wà tó ń bó iṣu. Mo wá rí i pé gbogbo àlàyé tí mo ti ṣe kò tíì dé ibi tí ọmọ náà wà. Mo ní kó pe bàbá rẹ̀ wá. Bàbá wọlé tòun tọ̀bẹ. Mo tan àbẹ́là kan sínú agolo níwájú rẹ̀, mo fún Jùsítínà ní fìlà. Ó gbà á, ṣùgbọ́n kò lè gbé e sórí iná náà.

"Bò ó, ìyá mi," ni bàbá rẹ̀ wí. "Èmi rèé."

Jùsítínà fi ọwọ́ òsì bò ó. Bàbá náà fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí, ó ní òun ò rí i pé nǹkan kan ṣe òun, iṣu òun sì ń gbẹ lẹ́yìn ilé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ bu omi fún mi mu nínú ilé yẹn. N kò mu omi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìka méjì kò nà mọ́ títí dòní. Jùsítínà padà sí kíláàsì, ó wá ọ̀nà mìíràn láti di abẹ́rẹ́ mú, ọ̀nà tí n kò kọ́ ọ, ó sì parí ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun náà fẹ́ ṣe olùkọ́. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní kí n má fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Ìda oyin wọ́n, ìda funfun ilé iṣẹ́ gba ipò rẹ̀, ọparun lọ, páànù oníhò tí à ń da ìda sí dé. Nígbà tí fìtílà tó ń gba agbára oòrùn kún ọjà Dàntọ́kpà, mo rò pé ẹ̀kọ́ mi ti parí. Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àbẹ́là olóòórùn dídùn tó ń wá nínú ife gíláàsì. Ìyàwó ọmọ mi gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, lábẹ́ aṣọ fèrèsé, gíláàsì rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní wọ́n ta ayédèrú fún òun. Mo bá a gé òwú rẹ̀, mo sún un sí àárín tábìlì, mo ní kó má jẹ́ kó jó kọjá àkókò tí ẹ̀wà á fi jinná lẹ́ẹ̀mejì. Èéfín dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é ni?" Mo ní òwú ni òwú ń jẹ́, ìbáà wà nínú ọparun, ìbáà wà nínú gíláàsì.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹni tí yóò gba ipò mi dé. Jùsítínà ni. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀, ó yege fúnra rẹ̀ ni. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tèmi ti gègé, kí n lè kọ ibi tó bá ti kù díẹ̀ káàtó sílẹ̀ fún un. Ìwà olùkọ́ ni, kì í lọ. Ó gé òwú, ó tan àbẹ́là, ó fi fìlà bò ó, ó sì sọ ìdí ohun kọ̀ọ̀kan. N kò rí nǹkan kan kọ. Mo rò pé ó ti parí, àfi bó ṣe pa ìwé rẹ̀ dé.

"Ohun tí mo sọ, èmi mọ̀ ọ́n," ló wí. "Kí lẹ̀yin gbọ́?"

Mo fi gègé sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo bi wọ́n pé ṣé ẹ gbọ́, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù. N kò bi wọ́n rí pé kí lẹ gbọ́.

Ọmọ kan níwájú nawọ́, ó ní òun gbọ́ pé kí á fi fìlà bo àbẹ́là, kí á sì máa lọ. Àwọn yòókù ní òótọ́ ni. Jùsítínà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tún àbẹ́là tàn, ó pe ọmọ náà wá, ó ní kó ṣe é bó ti gbọ́ ọ. Ọmọ náà bò ó, ó ṣí i kíá, ó ti ń padà lọ jókòó.

"Dúró. Wo orí òwú yẹn. Kí lo rí?"

Ọmọ náà tẹ̀ba wò ó. "Ó ṣì ń pọ́n, Màdáàmù."

"Kí ni ká ṣe nígbà náà?"

Ó ronú díẹ̀. "Ká dúró tì í, títí á fi dúdú."

Gbogbo kíláàsì dìde kí wọ́n lè rí i. Èmi náà dìde lẹ́yìn, a sì jọ dúró.